Ìlú Àlùbọ́sà

Aago mẹ́rin ìdájí, Chicago ṣì ń sùn,
yìnyín bo ojú pópó bí ẹ̀kọ tó dì.
Mo wà ní ilé ìdáná abẹ́ òtẹ́ẹ̀lì,
èmi, ọ̀bẹ, àti àpò àlùbọ́sà mẹ́ta
tó gbọ́dọ̀ di wẹ́wẹ́ kí àlejò tó jí.

Mo ń gé, omi ń bọ́ lójú mi.
Táyíbù ará Sudan tó ń fọ ìkòkò lẹ́yìn mi
gbọ́ bí mo ṣe ń ṣépè fún un.
Ó ti ẹ̀rọ omi pa. "Kí lo pè é?"
Mo ní àlùbọ́sà.
Ó rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀:
"Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti gbé e!
Al-básàl là ń pè é
kí baba ńlá rẹ tó gbóòórùn rẹ̀ rí."

Mo fẹ́ jiyàn. Àfi bí mo ṣe rántí
ọkọ̀ àjàgbé àwọn Gàǹbàrí ní Ìkìrun,
bí wọ́n ṣe ń já àpò sílẹ̀, tí wọ́n ń ké "albásà!"
Àwa la fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sí i,
a fún un ní yàrá, a gbàgbé pé àlejò ni.
Ọ̀rọ̀ tó gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ já,
tó sùn ní Kánò,
tó jí nínú ọbẹ̀ ìyá mi.

Nírọ̀lẹ́, Adùnbárìn ti ilé ìwé dé,
ọmọ ọdún mẹ́jọ, eyín iwájú méjì ti ká.
"Bàbá, tíṣà ní ká bi ará ilé wa
kí ni orúkọ ìlú yìí túmọ̀ sí."
Mo ní bóyá orúkọ ọba kan ni.
Ó mirí. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó kàn ń dán mi wò ni.
Ó ní àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé
rí ewéko kan tó ń hù létí odò,
tó ń rùn, tó ń ta nímú.
Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ibẹ̀.
Àwọn Faransé gbọ́ ọ lákọ̀ọ́gbọ́, wọ́n kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ,
ìlú ńlá bá hù lórí àṣìkọ.
"Àlùbọ́sà inú igbó ni, Bàbá!
Ẹranko kan tí òórùn rẹ̀ ń lé ajá
ń jẹ́ orúkọ yẹn pẹ̀lú."
Ó gbé ìka mi sí imú.
"Ìwọ gan-an ń rùn bíi Chicago."

Mo pe ìyá mi lálẹ́ láti ròyìn fún un.
"Ṣé àlàáfíà ni?" ló fi bẹ̀rẹ̀,
mo sì dúró díẹ̀,
torí Táyíbù tún ti sọ fún mi pé
ìlera ara ni ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tó ni ín.
Mo yẹ ara mi wò: ẹ̀yìn ń ro mí, orúnkún ń ké.
Mo ní àlàáfíà ni, Ìyá.
Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú, ó dákẹ́.
Ó ní, "Orúkọ ń ro ọmọ.
Abájọ tí imú rẹ kì í fi í gbẹ
nígbàkígbà tó o bá pè mí."
N ò wí fún un pé kì í ṣe àlùbọ́sà nìkan.

Adùnbárìn ti ju ọ̀kan sínú ife omi lójú fèrèsé.
Ó ti ń sọ èéhù, ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ó kọjú sí yìnyín.
Ọmọ náà ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń pè é, a-lu-bo-sa,
pẹrẹsẹ, láìsí òkè, láìsí ìsàlẹ̀,
bíi pápá tí wọ́n gé koríko rẹ̀.
Mo lanu láti tún un ṣe.
Ràkúnmí yẹn sọdá lọ́kàn mi.
Mo panu dé,
mo lọ pọ́n ọ̀bẹ mi de ìdájí.